Ìbọ̀sẹ̀ Àbúrò Mi

Alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fíìmù mi jáde, inú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, ni. Àwa bí 60 la wà níbẹ̀. Fíìmù náà kò gùn, ìṣẹ́jú 11 péré ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àìsàn ọpọlọ ń dà láàmú ni mo fi ṣe ọ̀gá eré. Ó ń bá ẹyẹlé sọ̀rọ̀ lórí òrùlé páànù tó ti dípatà ní Òkè Ààrẹ, ó ń ṣí agboòrùn ọmọdé kiri nígbà tí òjò ò rọ̀, ó ń kí gbogbo ọlọ́kadà ní "Ẹ kú ọdún" láìsí ọdún kankan. Ìbọ̀sẹ̀ pupa ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ọsàn sẹ́sẹ̀ òsì. Mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn dáadáa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì fi hàn. Gbogbo ìgbà tó bá ti yọ ni ẹ̀rín ń sọ. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí. Ọmọbìnrin kan wá bá mi, ó ní ọmọkùnrin inú fíìmù yẹn wu òun, ó ní òun ìbá fẹ́ ní irú ẹ̀ lọ́rẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ìtàn ẹ̀ ni mo rò pé mo sọ. Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní, "Kò sí wàhálà, Bùrọ̀dá, ẹ máa ṣe é." Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, torí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun. Nígbà tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, mo yíjú wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn lójú àwòrán.

A wọ Micra láti Bódìjà, ó di Gate. A ti kọjá Sẹkitéríátì kó tó lanu.

"Bùrọ̀dá, ìbọ̀sẹ̀ yẹn, ta ló rà á?"

"Èmi ni. Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á."

"Kí ló dé tó fi wọ̀ ọ́?"

Mo ní kó lè dùn ún wò ni. Ó dákẹ́. Awakọ̀ yí rédíò sókè díẹ̀. Ó pẹ́ kó tó bi mí léèrè kejì: "Màámi ńkọ́? Mi ò rí wọn nínú ẹ̀ o."

Mi ò rí èsì kankan fún un títí a fi sọ̀ ní Gate, títí a fi fẹsẹ̀ rìn dé Ọjẹ́.

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ọdún 2013 ni àìsàn náà kọ́kọ́ dé. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, ó wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó kọ́kọ́ di ẹni tí kì í sùn. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn kan ń pe orúkọ òun láti inú rédíò, ó tú rédíò palẹ̀, ohùn náà kò dákẹ́. Bàbá wa ti kú. Ẹbí jókòó, wọ́n ní kì í ṣojú lásán, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ilé àdúrà kan la gbé e lọ. Èmi náà wà lára àwọn tó gbé e. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú kó má baà ta wá nípàá. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ rímù ọkọ̀ àtijọ́ kan. Ìgbà tí Màámi rí i pé egbò ti ń wọnú eegun ni wọ́n yarí. Wọ́n ní àdúrà tó ń jẹ ẹran ọmọ àwọn, àwọn ò ṣe àmín sí i mọ́.

Ilé ìwòsàn la gbé e lọ níkẹyìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ orúkọ àìsàn náà fún wa: schizophrenia. Egbò jinná, àpá ò lọ. Ó yí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ká bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ooru mú bí kò mú, àbúrò mi kì í jáde láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Dúdú ni, gígùn dé ojúgun. Méjì-méjì ni Màámi máa ń rà á fún un.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ nígbà tí mo dúró níwájú oníbọ̀sẹ̀ ní Dùgbẹ̀, tí mò ń yan pupa, tí mò ń yan aláwọ̀ ọsàn. Mo mọ̀ ọ́n, kò sì wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí di òní nìyẹn.

Kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mò ń yà jẹun, Mókólá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí mo bá ti gé fídíò tán lóru, tí ojú mi ò tíì wálẹ̀, fíìmù ni mo máa ń wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àgbọ̀wọ́ ló kó oríṣi kan fún mi sínú háàdì díráìfù: fíìmù òyìnbó, àmọ́ kì í ṣe ti ìbọn àti ọkọ̀ tó ń gbiná. Àwọn tó ń dá ṣe é ni, tí owó wọn ò tó nǹkan, tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńláńlá Hollywood ló ń pàṣẹ fún wọn. Fíìmù wọn máa ń ní àrà tiẹ̀. Èèyàn inú ẹ̀ ò jọ èèyàn inú fíìmù yòókù. Ohun tó sì gbá mi lọ́kàn mú ni pé ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ń ṣàìsàn kì í ṣe ọ̀daràn nínú wọn. Wọn kì í fi gún ẹnikẹ́ni lọ́bẹ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì ṣeé fẹ́ràn. Fún ẹni tí ará àdúgbò ń sá fún àbúrò ẹ̀, ìyẹn tó láti mú omi jáde lójú.

Ṣùgbọ́n mo ti wo wọn tó láti mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Gìtá kékeré kan á máa dún lábẹ́lẹ̀. Ilé á ní àwọ̀ bíi súìtì. Aláìsàn á wọ aṣọ tí kò bára mu, á máa ṣe nǹkan bí ọmọdé, á sì máa sọ òótọ́ tí ẹnu àwọn tí ara wọn le ò gbà láti sọ. Ẹnì kan tí ayé ti sú á wá pàdé ẹ̀. Nígbà tí eré bá fi máa parí, ẹni tí ayé sú yẹn á ti rí ayọ̀. Aláìsàn ló wò ó sàn. Aláìsàn fúnra ẹ̀ ńkọ́, ta ló wò ó? Wọn kì í sábàá débẹ̀.

Ẹ wo Benny & Joon, tó jáde lọ́dún 1993. Joon ń ya àwòrán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá fẹ́ràn ẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ yan búrẹ́dì, ó ń fi rákẹ́ẹ̀tì tẹníìsì tẹ ọ̀dùnkún. Ó dùn ún wò gan-an. Orúkọ àìsàn Joon, wọn ò pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò fẹ́ rẹ́ fíìmù náà jẹ o: ibì kan wà nínú bọ́ọ̀sì tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í bá Joon jà nínú orí ẹ̀, tí gbogbo ẹwà yẹn ká kúrò nílẹ̀. Benny, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, náà wà níbẹ̀, mẹkáníìkì tó ti so ìgbésí ayé tiẹ̀ rọ̀ nítorí àbúrò. Ibi méjèèjì yẹn ni mo máa ń fò. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ síwájú lọ síbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì.

Tiwa náà ò wá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fíìmù Yorùbá tí mo fi dàgbà, wèrè ni ẹ̀san. Obìnrin tó fi oògùn pa ọmọ orogún á dìde lọ́jọ́ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ká boroboro, á já gèlè, á fa irun ara ẹ̀ tu, á sáré já sí títì, eré á parí síbẹ̀. Ẹni tó bá wo irú ẹ̀ láti kékeré, tí ẹnì kan wá ṣàìsàn ládùúgbò ẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé: kí ló ṣe? Wọ́n bi Màámi bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ta èlùbọ́ ní Ọjẹ́ bi wọ́n bóyá ọmọ náà kó owó olówó jẹ ni. Òyìnbó sọ àìsàn di ọ̀ṣọ́, àwa sọ ọ́ di ìdájọ́. Èmi sá fún ìdájọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀ṣọ́ ni mo sá lọ.

Ọ̀ṣọ́ yẹn ò mọ sí inú fíìmù o. Ọdún 2016, oògùn ti ń ṣiṣẹ́ lára àbúrò mi. Ó ń sùn, ohùn tó ń pè é ti lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sanra, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ máa ń wá sétí ẹnu ẹ̀ láàárọ̀. Kó tó ṣàìsàn, iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ń kọ́, kò sí ibi tí kì í ya ilé sí, títí dé ẹ̀yìn rìsíìtì. Ní gbogbo àsìkò oògùn yẹn, kò ya ẹyọ kan. Mò ń wò ó bí àtùpà tí wọ́n yí iná ẹ̀ wálẹ̀. Nínú àwọn fíìmù tí mo fẹ́ràn, ibi tí aláìsàn bá ti da oògùn nù ni orin ti máa ń gòkè, ojú ẹ̀ á là, á padà di ara ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo sọ fún un pé, "Oògùn yìí ló ń pa iná inú ẹ." Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ó gbà mí gbọ́, torí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí.

Ó dá oògùn dúró, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jáde nílé lóru. Ọjọ́ méjì la fi wá a. Ojú ọ̀nà Ìwó, lẹ́yìn Lálúpọn, ni ọlọ́kadà kan tó mọ Màámi ti rí i. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, kò wọ bàtà, kò wọ ìbọ̀sẹ̀. Oṣù méjì ló lò nílé ìwòsàn kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Dókítà ò bá mi wí. Ó ní ká ní a wá sọ fún òun pé ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, pé itọ́ ń dà, òun ìbá ti dín oògùn kù tàbí kí òun pààrọ̀ ẹ̀. Ó sì pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́. Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn kí n tó rí ilé kékeré kan, olójú fèrèsé méjì, tí àbúrò mi yà sẹ́yìn káàdì ilé ìwòsàn ẹ̀.

Ẹ ó rí i pé ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n kí n tó wá ṣe fíìmù. Mi ò kọ́ ọ. Èèyàn lè mọ nǹkan nínú ilé, kó má mọ̀ ọ́n mọ́ tó bá ti gbé kámẹ́rà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a ti Bódìjà dé, Màámi ní kí n fi fíìmù náà han àwọn. Wọ́n ń kó èlùbọ́ sínú ọ̀rá, mo gbé láptọ́ọ̀pù ka orí àpótí níwájú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ síbi ẹyẹlé. Nígbà tó parí, wọ́n gbọn ọwọ́ wọn nù, wọ́n ní, "Ó dáa. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Wọn ò bínú. Bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta kọ́ńgò èlùbọ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ.

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé fíìmù ni wọ́n ń bá wí: dídùn ún wò wà lápá kan, ẹni tó bí i wà lápá kejì, èmi sì ti ya fíìmù oníṣẹ́jú 11 tí apá kejì ò sí nínú ẹ̀ rárá.

Mo padà sídìí háàdì díráìfù yẹn. Ìbéèrè méjèèjì àbúrò mi ni mo fi ń wò wọ́n lọ́tẹ̀ yìí: àpá dà? Màámi dà?

Frank ló kọ́kọ́ mú mi. Lenny Abrahamson ló darí ẹ̀, ó jáde lọ́dún 2014. Michael Fassbender ló ṣe Frank, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin kan tó gbé orí ràbàtà kan wọ̀ bí orí bèbí, tí kì í bọ́ ọ lọ́sàn-án lóru. Jon, ọmọ tó wá ń bá wọn tẹ dùùrù, gbà pé ìyà kan ló ti jẹ Frank ní kékeré, pé inú ìyà yẹn ni orin ẹ̀ ti ń sun. Ó tiẹ̀ ń wù ú kí irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ òun náà, kí òun lè mọ orin kọ. Apá tó pọ̀ jù nínú eré náà, àwa tí à ń wò ó ń bá Jon rò ó bẹ́ẹ̀. Lópin, Jon dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí Frank, ó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, àìsàn ọpọlọ ló ní. Orin ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ náà ti mọ orin láti ilẹ̀, àìsàn yẹn kàn fà á sẹ́yìn ni. Orí bèbí ti kúrò lórí ẹ̀ nígbà náà, a sì rí ojú àpá ibi tó ti ń ha á.

Mo dá a dúró níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wo fíìmù yẹn kí n tó ṣe tèmi. Mo rántí orí bèbí, mo rántí orin, mo gbàgbé àwọn òbí yẹn pátápátá. Àbúrò mi ń ya ilé kó tó ṣàìsàn. Àìsàn ò fún un ní nǹkan kan.

Little Miss Sunshine, ti ọdún 2006, ní ibì kan tí mo máa ń fi han àwọn èèyàn. Arákùnrin kan gbìyànjú láti pa ara ẹ̀, ilé ìwòsàn fi í lé arábìnrin ẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n má dá a wà. Inú yàrá ọmọ arábìnrin náà ni wọ́n tẹ́ ibùsùn sí fún un. Ọmọ yẹn ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní sọ̀rọ̀, ìwé ló fi ń báni sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sí i pé kó jọ̀ọ́ má pa ara ẹ̀ lálẹ́ yìí. Ìyẹn náà ló tán. Kò sí orin ẹkún, kò sí ìwàásù. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Lálúpọn, oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi sun orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá àbúrò mi, mo sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ibẹ̀ yẹn mọ ohun tó ń sọ.

Èyí tí mo wá bá Màámi wò ni Lars and the Real Girl. Ọdún 2007 ló jáde, Nancy Oliver ló kọ ọ́, Craig Gillespie ló darí ẹ̀. Iná ti lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù la fi ń wò ó, mo sì ń túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. Lars, tí Ryan Gosling ṣe, ra bèbí kan tó tó èèyàn ga lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbà pé àfẹ́sọ́nà òun ni, Bianca ló ń pè é. Dókítà ní kí ẹbí má bá a jiyàn, kí wọ́n máa ṣe Bianca bí èèyàn. Ni gbogbo ìlú bá gbà. Wọ́n ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fún un níṣẹ́, wọ́n ń tì í kiri lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn.

Màámi kọ́kọ́ pòṣé. Wọ́n ní wọ́n ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Àfi ìgbà tí a dé ibi tí Lars ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó rí tòun rò. Karin, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀, aboyún, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbaná jẹ. Ó ka gbogbo ohun tí àwọn ń ṣe lójoojúmọ́ fún un: wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, gbígbé dìde, gbígbé sùn, pé kò sí èyí tó rọrùn níbẹ̀, pé nítorí pé wọ́n fẹ́ràn Lars ni. Màámi ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n ní kí n tún túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n sún mọ́ láptọ́ọ̀pù, wọ́n ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́. O ò rí ojú ẹ̀?"

Lẹ́yìn ìyẹn, Bianca "ń kú lọ", àwọn ìyá àgbà mẹ́ta gbé oúnjẹ àti òwú ìhunṣọ wá sílé Lars. Ó bi wọ́n pé kí ni kí òun ṣe. Wọ́n ní kò sí, àwọn wá jókòó ni, ohun tí èèyàn ń ṣe nìyẹn tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ nínú òkùnkùn. Orúkọ àwọn tó wá jókòó tì wọ́n lọ́dún 2013. Mẹ́ta ni. Ọ̀kan nínú wọn ń din àkàrà lẹ́yìnkùlé wa. Alaalẹ́ ló ń gbé ẹ̀wà ọjọ́ kejì wá. Kì í gbàdúrà, kì í gbani nímọ̀ràn, kì í bèèrè ohun tí ọmọ ṣe. Á kàn máa ṣa ẹ̀wà sínú ìgbá títí oorun á fi gbé Màámi lọ, á wá fa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́jẹ́.

Ibi tí mo ti bá Lars and the Real Girl jà ni ìparí. Bèbí kú, wọ́n sin ín, ara Lars yá. Èrò tó ti wọ èèyàn lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ kì í di ẹrù ẹ̀ jáde nítorí ìsìnkú kan, bí ìfẹ́ ìlú ṣe pọ̀ tó. Mi ò rí abẹ́rẹ́, mi ò rí oògùn, mi ò rí owó ọkọ̀ lọ gba oògùn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ pé kí ìlú jọ gbé ẹrù aláìsàn kì í ṣe àlá. Nítòsí wa níbí ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó padà wá di ọ̀gá ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ àti gíwá ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò dúró kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, ní Abẹ́òkúta, tán. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà láyìíká. Wọ́n ń gba oògùn àti ìtọ́jú òyìnbó lójú mọmọ, wọ́n ń padà sùn láàárín èèyàn. Ó sì jẹ́ dandan kí ìbátan kan tẹ̀ lé aláìsàn wá, kó máa dáná, kó máa fọṣọ, kó máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: Màámi wà nínú ètò Lambo láti ọjọ́ kìíní. Lónìí, tí wọ́n bá pe "Aro", èébú ni. Ó ń dùn mí.

Nínú tiwa nílé, èyí tó dáhùn ìbéèrè àbúrò mi jù lójú mi ni For Maria Ebun Pataki, tí Damilola Orimogunje darí lọ́dún 2020. Kò ní ẹ̀fẹ̀ kankan, kò sì ṣe ara lóge. Meg Otanwa ni Derin, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè gba ọmọ mọ́ra. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn abiyamọ ni, èyí tí a máa ń fi "ṣé ìwọ nìkan lo bímọ ni?" pa lẹ́nu mọ́. Ọkọ ń gbìyànjú, ìyá ọkọ ń bínú, ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó já gèlè. Kò sẹ́ni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ pupa.

Ní oṣù Kíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti 1958, orúkọ tí wọ́n fi ń pe irú àbúrò mi nínú ẹ̀ ni "lunatic". Mo ka ìròyìn náà fún un. Ó bi mí bóyá òfin náà ti dé ilé àdúrà tó lọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ fíìmù mìíràn. Mi ò pe òṣèré kankan sí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń yà á, nínú yàrá Màámi, torí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń to oògùn ọ̀sẹ̀. Agolo Robb méje tó ti ṣófo ni wọ́n fi ń tò ó. Wọn ò mọ̀wé, nítorí náà wọ́n fi ìṣó ha ìdérí wọn: ìlà kan fún ọjọ́ Ajé, méjì fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí dé méje. Wọ́n á da oògùn sórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á dé e, wọ́n á fi ìka wá ìlà tó wà lórí ìdérí kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló ń gbà, mi ò sì gé nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo ti fi han ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yìí, ó ní ó ti gùn jù, ó ní kí n gé e sí ìṣẹ́jú kan. Mi ò ní gé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan báyìí, àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi lórí ibùsùn, ó ń wo bí mo ṣe ń tún iná ṣe.

Ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ ya ẹsẹ̀ mi?"

Mo ní àfi tó bá wu òun.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé gìgísẹ̀. Màámi ò yíjú, wọ́n ń ka oògùn. Ó wo àpá yẹn fúnra ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni ń wo ohun tó ti pẹ́ tó ti rí i kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló fa ìbọ̀sẹ̀ padà sókè, ó tẹ́ ẹ dé ojúgun.

"Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn."

Mo ní kò burú. Mo pa kámẹ́rà, mo jókòó ti Màámi, mo bá wọn dé agolo kẹfà àti ìkeje.